Ègé Tí Kò Léèpo Kì Í Hù

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sẹ́ni tí kò mọ òwe yìí láti Mọ́níyà dé Akánrán. Bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ kọ́lé, òun fẹ́ lọ yunifásítì, òun fẹ́ dá oko ẹ̀gẹ́ ńlá sílẹ̀, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn: gé e sí wẹ́wẹ́, máa ṣe é ní kékeré kékeré. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó ń ta ìwé ìṣírí nínú bọ́ọ̀sì náà ń sọ ọ́. Èmi ò bá wọn jà, ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ ìdajì ìmọ̀ràn ni, torí wọn kì í sọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gé èbù rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe ibi tó bá wu ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ ń gbà lára iṣu. Bí ẹ bá gé iṣu kan sí ogún, tí mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ ẹran inú nìkan, funfun báláú, láìsí èèpo kankan lára wọn, mẹ́wàá péré lẹ gé. Mẹ́wàá yòókù á jẹrà sínú ebè ni. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣu ò dà bíi pòtétò òyìnbó, tí ojú tó máa hù ti hàn lára rẹ̀ kó tó dénú ilẹ̀. Abẹ́ èèpo iṣu gan-an, ní ìpele tín-ín-rín kan, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè di èhù tuntun wà. Ẹran inú yẹn, oúnjẹ ni. Ègé tó máa yè gbọ́dọ̀ ní méjèèjì: oúnjẹ tí á fi gbéra, àti èèpo tí á gbà yọjú.

Bí mo ṣe rí àfojúsùn ńlá náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gé tiwọn sí wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gé e, síbẹ̀ nǹkan kan ò hù. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ègé tí kò léèpo ni wọ́n ń gbìn. Ìgbésẹ̀ kékeré tó léèpo ni èyí tó jẹ́ pé, bí gbogbo nǹkan bá tiẹ̀ dúró síbẹ̀ lọ́la, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe á ṣì wúlò fún yín, á sì lè ran èyí tó kàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró sórí iṣu díẹ̀ sí i, torí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe ìdánwò yìí fún wa ní gbangba, ẹ̀rí rẹ̀ ò sì jìnnà sí wa. Ẹ mọ̀ pé kóró àgbàdo kan ṣoṣo lè mú ṣírí tó kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kóró wá. Iṣu ò rí bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ náà lẹ fi ń gbìn ín. Ohun tẹ́ ẹ ò bá fi gún iyán lọ́dún yìí lẹ máa rì mọ́lẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí owó èbù fi wà lára ìnáwó tó tóbi jù lóko iṣu. Ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn olùṣèwádìí NRCRI ní Umudike nílẹ̀ Ìgbò, àti àwọn ti IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, tí ọgbà ńlá wọn wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nítòsí Mọ́níyà níhìn-ín, wá ọ̀nà láti sọ iṣu kan di púpọ̀. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ mú iṣu kékeré tó wọ̀n láàárín ìdajì kílò sí kílò kan, kó gé e sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25. Ìwọ̀n yẹn ò tó ìdajì ẹyin adìẹ o! Kó rí i pé èèpo wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, kó fi oògùn tàbí eérú ra ojú rẹ̀, kó jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ kó tó gbìn ín. Minisett ni wọ́n pè é. Lórí ìwé, ìṣirò rẹ̀ dùn púpọ̀: iṣu kan á di ogún, á di ogójì.

Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n wò ó, ọ̀pọ̀ wọn ò gbà á. Kì í ṣe pé wọn ò lajú. Wọ́n ní ègé yẹn ti kéré jù. Òmíràn ò hù. Òmíràn hù àmọ́ kò lágbára. Iṣu tó jáde lábẹ́ rẹ̀ ò jọ nǹkan lójú wọn, iṣẹ́ inú rẹ̀ sì pọ̀. Inú mi dùn sí àwọn olùṣèwádìí níbi tọ́rọ̀ dé yìí, torí wọn ò sọ pé ará oko ò gbọ́n. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́, wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n wá ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́yìn náà, títí kan inú iṣẹ́ àkànṣe YIIFSWA tí IITA darí ní Nàìjíríà àti Gánà, ègé inú rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìṣáájú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á rì í bọ inú oògùn tó ń dènà kòkòrò àti ìjẹrà, wọ́n á sì gbìn ín sóko tààrà.

Kí ló ṣe ègé kékeré yẹn gan-an? Ọgbẹ́ ni. Ẹ mú ègé iṣu kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó fẹ̀ ní 4, tó sì ga ní 4. Bí ẹ bá wọn gbogbo ara rẹ̀ lóde, ẹ máa rí 96. Ẹ gé e sí mẹ́jọ tó dọ́gba, kẹ́ ẹ tún wọn ara gbogbo wọn lóde pọ̀: ó ti di 192. Iṣu náà ò dín, kò sì lé, àmọ́ ojú tó ṣí sílẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ojú tó ṣí yẹn lomi ara rẹ̀ ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni àrùn ń gbà wọlé. Bí ègé bá ṣe ń kéré sí i ni ọgbẹ́ ń pọ̀ ju oúnjẹ inú rẹ̀ lọ.

Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ̀dá ń gbé ló ní irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé sí abúlé kan lẹ́yìn Akánrán, tó ní òun á máa ra sìmẹ́ǹtì ní àpò kọ̀ọ̀kan, á san owó ọkọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, á pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, á tún bẹ bíríkìlà lọ́tọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ò ní sùúrù: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó láti mú un bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú àpò, pàápàá nígbà òjò. Nígbà tí àpò kẹwàá bá fi dé, àkọ́kọ́ lè ti di òkúta. Ẹni yẹn ti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lóòótọ́, ọgbẹ́ ló sì jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé ká má gé nǹkan mọ́ nìyẹn? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí wà pé gígé ń ṣiṣẹ́, ó sì lágbára. Lọ́dún 1981, Albert Bandura àti Dale Schunk tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó àwọn ọmọdé tí ìṣirò ìyọkúrò ti sú pátápátá jọ. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ní: ojú ewé 42, ìjókòó méje. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lépa ojú ewé 6 ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn gbìyànjú láti parí ojú ewé 42 kí ìjókòó keje tó parí. Àwọn kan sì wà tí wọn ò fún ní àfojúsùn kankan. Ṣebí 6 lọ́nà 7, 42 náà ni? Síbẹ̀, àwọn tó ń lépa mẹ́fà mẹ́fà ló mọ ìyọkúrò jù nígbẹ̀yìn, àwọn ló gbà jù lọ́kàn wọn pé àwọn lè ṣe é, wọ́n tiẹ̀ tún wá fẹ́ràn ohun tí wọ́n ti ń sá fún. Àwọn tí wọ́n gbé 42 ka iwájú ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan kan lọ.

Àlàyé tí Bandura ṣe ni pé ìgbàgbọ́ tí èèyàn ní nínú agbára ara rẹ̀ máa ń ti ara iṣẹ́ tó ti ṣe parí dàgbà ni. Ọmọ tó parí mẹ́fà lónìí ti rí ẹ̀rí kan gbá mú. Ọmọ tó ń wo 42, bó bá ṣe mẹ́fà, ohun tó máa rí ni 36 tó kù. Àmọ́ ẹ tún wo irú ègé tí wọ́n gé yẹn dáadáa. Ojú ewé mẹ́fà yẹn léèpo! Bí ọmọ náà bá dúró síbẹ̀, ó ti mọ nǹkan kan nípa ìyọkúrò tí kò mọ̀ láàárọ̀. Àwọn tó ń wàásù "kékeré kékeré" kì í sábà dé ibi tọ́rọ̀ yẹn wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ilé, torí ibẹ̀ lowó àwọn ará wa ń kú sí jù. Ẹ gba ojú ọ̀nà Ifẹ̀ jáde ní Ìbàdàn, kẹ́ ẹ yà sínú ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tàbí kẹ́ ẹ gba Amúlókò lọ sí Ọ̀nà-Àrà. Àdúgbò wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè ka ìpìlẹ̀ títí kẹ́ ẹ tó kan ilé tó ní páànù lórí. Ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́rin, ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́fà, wọ́n ti da German floor sí òmíràn, koríko ti yọ láàárín rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn níbẹ̀. Ẹni tó ni ín sì wà nígboro, ó ń san owó ilé lọ́dọọdún. Ó gé àfojúsùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ o, ẹ má sọ pé kò gé e: ilẹ̀, ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù, líńtẹ̀, òrùlé. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé ńlá jẹ́ ègé tí kò léèpo. Kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òjò, kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó ilé tí olúwarẹ̀ ń san.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹlòmíràn fi owó ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́fà yẹn kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀ rẹ̀, ó fi páànù bò ó, ó gbé ilẹ̀kùn sí i, ó kó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, owó tó ti ń san fún onílé ti di búlọ́ọ̀kù. Ilé kékeré yẹn ló ń bọ́ ilé ńlá. Bí owó bá sì dá lójijì, bí àìsàn bá dé, ó ń sùn lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Wọn kì í gbé ìpìlẹ̀ yàrá ogún kalẹ̀ kí wọ́n tó wá máa wá owó. Wọ́n kọ́ ìwọ̀nba, wọ́n wọlé, bí aya àti ọmọ ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń fi kún un. Bí agbo ilé ṣe ń di ńlá nìyẹn. Lójú tèmi, ojú ayé ló bà á jẹ́. Ẹni tó kọ́ yàrá kan, àwọn èèyàn á ní ṣé kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹni tó gbé ìpìlẹ̀ ńlá kalẹ̀, wọ́n á kí i kú oríire.

Kódà reluwé tó ń gbéra ní Mọ́níyà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Lọ́dún 2006, àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ni láti la ọ̀nà reluwé ìgbàlódé láti Èkó dé Kánò. Wọn ò rí i ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gé e. Abùjá sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016. Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tẹ̀lé e lọ́dún 2021. Kánò ṣì jìnnà, àmọ́ ẹni tó bá wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà láàárọ̀ á dé Èkó lọ́jọ́ náà. Ká ní ṣe ni wọ́n fi gbogbo owó yẹn ro ilẹ̀ láti Èkó dé Kánò láì to irin kankan sí i, igbó ni ì bá ti gbà á padà.

Nǹkan wà tí kò ṣeé gé rárá o. Ìdajì ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ránṣọ. Ìdajì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ kì í rin ẹ̀gẹ́. Ibi yìí ni mo ti ń júbà àwọn tó ronú èsúsú. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa: Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921, William Bascom kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí lọ́dún 1952, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí dòní. Ẹ wò ó ná: obìnrin ogún ní Lálúpọn, kálukú ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kan ń kó 100,000 lẹ́ẹ̀kan. Owó sísan ni wọ́n gé, wọn ò gé ẹ̀rọ. Náírà 5,000 yẹn, bó bá dá wà nílé, ègé ẹran inú iṣu lásán ni; ọmọ á ní ìwé, àlejò á dé, á ti lọ. Àárín ẹgbẹ́ ló ti ń rí èèpo. Ìyẹn ló fà á tí ara mi kì í fi í balẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kó dá àfojúsùn rẹ̀ gbé, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfojúsùn kan wà tó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ni èèpo rẹ̀.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì, kì í ṣe ìwọ̀n nìkan. Esther Duflo, Michael Kremer àti Jonathan Robinson bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2011. Àwọn àgbẹ̀ yẹn fẹ́ ra ajílẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó dára, àmọ́ nígbà tí àkókò àtilò ó bá fi dé, owó ìkórè ti tán. Àwọn olùṣèwádìí náà ò kọ́ wọn ní ohun tuntun kankan nípa ajílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ bá wọn nílé lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n san owó ajílẹ̀ báyìí, àwọn á gbé e wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Àwọn tó lo ajílẹ̀ pọ̀ sí i dáadáa. Lágbègbè wa níbí, bí àgbàdo àkọ́kọ́ àti iṣu tuntun bá ti ń dọ́jà láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, owó máa ń wà fún ìgbà díẹ̀, oṣù kẹsàn-án á wá gbé owó iléèwé dé. Ẹni tó bá gbé ìgbésẹ̀ tó nílò owó sí oṣù kẹta, tó wá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò ní ìforítì, oṣù ló yẹ kó yí padà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ yìí na tálákà. Bí afárá tó wà lọ́nà oko bá já, kò sí ẹnì kan tó lè gé àtúnṣe rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó máa ṣe é láàárọ̀ kó tó lọ sóko. Bí tòmátò bá bà jẹ́ sójú ọ̀nà torí ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, kì í ṣe àfojúsùn ẹni tó ni ín ló kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ ìjọba wà, iṣẹ́ kálukú wà. Àwọn tó ń ta ìwé ìṣírí nínú bọ́ọ̀sì kì í pín in báyẹn, ìyẹn ló fi ń rọrùn fún wọn láti sọ pé ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ rẹ wà.

Ó ku ibi kan tó máa ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. Ègé kékeré tẹ́ ẹ gbìn lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tó máa fún yín kì í ṣe iṣu tó tó gún níyán fún àlejò. Iṣu kékeré ni, èbù ọdún kejì ni. Àmọ́ ó ṣeé jẹ. Láàárín ìgbà tẹ́ ẹ wà á àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ tún un gbìn, ebi á dé, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sì ni tí ìkòkò bá gbà á. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí náà nìyẹn pẹ̀lú páànù tẹ́ ẹ ti rà fún yàrá kan, tí àbúrò wá wá yá, àti owó fọ́ọ̀mù JAMB tó wà nínú àpótí nígbà tí mọ́tò bàbá bà jẹ́.

Dilip Soman àti Amar Cheema bá àwọn lébìrà tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ṣe ìwádìí ní Íńdíà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2011. Wọ́n ń kó owó tí kálukú fẹ́ fi pamọ́ sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Àwọn tí wọ́n pín owó tiwọn sínú àpòòwé méjì fi owó pamọ́ ju àwọn tí wọ́n kó gbogbo tiwọn sínú ẹyọ kan, torí ẹni tó bá já àkọ́kọ́ ṣì máa dúró ronú kó tó já ìkejì. Àgbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èbù rẹ̀. Kó to ìdajì rẹ̀ sínú àká tirẹ̀ ní Ẹrúnmu, kó gbé ìdajì yòókù lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyànà Ọfà. Bí ebi bá wá dé, ìdajì àkọ́kọ́ lè lọ. Kó tó fọwọ́ kan ìkejì, á kọ́kọ́ wọ ọ̀kadà, á jókòó nílé ẹ̀gbọ́n, á sì ṣàlàyé fún un ìdí tó fi wá kó o.